OK Tí O Kọ sí Mi Lórí Ọ̀rọ̀ Ìyàwó

Ọmọ mi àtàtà, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé ò yọ ọ́ lẹ́nu? O ò ní fẹsẹ̀ kọ lọ́hùn-ún o, láṣẹ Ọlọ́run. Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń ké bíi kẹ̀kẹ́ tí kò rí epo, èmi tí mò ń tún kẹ̀kẹ́ gbogbo ayé ṣe.

Mo rí èsì rẹ lórí fóònù. Ó pẹ́ kí n tó rí ẹnu sọ fún ọ pé ilé ti dá páropáro láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, pé èmi àti oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi fẹ́ fẹ́ra, ṣé o fọwọ́ sí i. O wá kọ OK. Háà! Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tìrẹ yìí ò tó àbọ̀, èérún ni.

Mo gbé e lọ bá onígbàjámọ̀. Ó ní àwọn sójà ló dá a sílẹ̀, pé bí ẹnì kankan ò bá kú lójú ogun ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sára pátákó, òdo ni O, killed ni K. Mo ní ṣé ìgbéyàwó mi logun ni? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní irọ́ ni, pé ọ̀gá àgbà kan tí kò mọ̀wé ló fẹ́ kọ all correct, tó kọ ọ́ ṣì, tí ẹnikẹ́ni ò láyà láti sọ fún un, ni gbogbo ayé bá ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, o mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ ò ní bíréèkì, ní ohun tí ọkọ òun sọ nìyẹn nígbà tó ń kẹ́rù jáde.

Oníbúrẹ́dì gbọ́ gbogbo ẹ̀, ló bá ní òun ò kó wọlé mọ́. Ó ní kí o tiẹ̀ bú òun ní gbólóhùn mẹ́ta sàn ju lẹ́tà méjì lọ. Ẹrù tó ti dì sínú páálí, ó ti ń tú u. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Mi ò dá ọ lẹ́bi. Wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé nínú fóònù yẹn, ìyẹn lo ṣe ń ṣọ́ wọn ná. Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra káàdì, kí n wá fi káàdì náà ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè kọ̀wé tó gùn.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́ pé bàbá mi, ẹ fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ rí ẹlòmíì lórí àga ìyá rẹ, kọ ìyẹn náà, mi ò ní bínú. Èmi gan-an ò tíì lè jókòó sórí àga ọ̀hún.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o dá nìkan jẹun lọ́jọ́ ogbó rẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ.