Ọkọ Ọmọ Mi Kọ́ Ló Ba Gíà Náà Jẹ́

                                        Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ìsàlẹ̀ Ilé Iṣẹ́ Omi,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti ń jẹ́ kó sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àgbà wọn tó di ọ̀gá àwọn awakọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú àìgbúròó mi. Mo mọ̀ pé wàá ti máa bú mi nínú ara rẹ pé lẹ́yìn lẹ́tà gígùn tí mo kọ nígbà yẹn, mo wá dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Ara mi le. Ìyàwó mi náà wà, ó ní kí n kí ọ dáadáa. Kì í ṣe àìsàn ló dá mi dúró. Ojú ló ń tì mí, ọ̀rẹ́ mi, ó tì mí débi pé bí mo bá mú bírò báyìí, màá tún rántí pé mi ò tíì bomi sí òdòdó, òdòdó tí mi ò bomi sí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín.

Ìwọ náà á rántí ohun tí mo kọ sí ọ. Mo ní ọkọ ọmọ mi ti ba gíà ọkọ̀ tuntun mi jẹ́. Mo ní kò mọ ọkọ̀ wà. Mo ní ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́, o gbà mí gbọ́, o bá mi bínú, o sì sọ fún àgbà ọmọ rẹ, ẹni tó ti fẹ́ gba ọkọ ọmọ mi síbi iṣẹ́ wọn pé kó máa kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. Mo gbọ́ pé wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró, pé wọ́n ń wá ẹlòmíì. Jẹ́jẹ́, kò sí òtítọ́ kankan nínú ohun tí mo kọ. Èmi Tẹná, tí mo wa tírélà títí irun orí mi fi funfun, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba gíà náà jẹ́.

O mọ irú ọkọ̀ tí mo máa ń sọ nígbà tí a jọ wà lójú ọ̀nà: ọkọ̀ eré, onílẹ̀kùn méjì, tó pẹlẹbẹ, tó máa ń fò kọjá lára tírélà wa tí yóò da eruku bò wá lójú. Mo ti búra pé bí mo bá fẹ̀yìn tì, èmi náà á jókòó sínú ọ̀kan. Mo rà á lóòótọ́, ó pupa fòò. Ìyàwó mi ní ìyàwó kékeré ni mo gbé wálé. Wíwọ inú rẹ̀ kò le, jíjáde ni iṣẹ́ wà. Ìyàwó mi ló máa ń fà mí lọ́wọ́ kí n tó lè dìde, á sì máa bi mí bóyá ìyàwó kékeré náà ò lè gbé mi dìde ni.

Ọ́tò ni ọkọ̀ náà. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ gíà, ẹsẹ̀ òsì mi wá di aláìníṣẹ́. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọkọ ọmọ mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé ó ń wa ọkọ̀ aláìsàn nílé ìwòsàn, tí ọkọ̀ náà sì jẹ́ ọ́tò, ó ní òun lè bá mi jókòó nínú rẹ̀ díẹ̀ kí n tó gbé e jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní látìgbà wo ni ẹyin ti ń kọ́ adìyẹ bí wọ́n ṣe ń yé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀. Wọn kì í fi ọkọ̀ ilé ìwòsàn ṣe tara ẹni, ló bá wá yá tèmi láti fi gbé ìyá wálé. Mo yá a. Ọjọ́ náà gan-an ló dá a padà, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì rọ epo kún un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Màá tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á han gooro, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Nígbà tó bá tún yá, á fò síwájú gbì, tí iwájú orí mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan díńgí. Lọ́jọ́ kan ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ní oríta, gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, ẹnì kan sì yọ orí jáde ó ní kí bàbá arúgbó lọ gba dírẹ́bà. Èmi Tẹná! Mo bi ara mi pé ta ló wà á kẹ́yìn yàtọ̀ sí mi, ìdáhùn náà ò sì gbà mí ní àsìkò rárá.

Mo gba ilé ọkọ ọmọ mi lọ. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga ní pálọ̀, wọ́n fi òwú funfun bo ojú rẹ̀ kan. Ọmọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń kó oògùn rẹ̀ jọ. Àwọn alájọgbélé wọn wá kí aláìsàn. Ìyẹn ò ní kí n dẹ ohùn. Mo ní ẹni tó ń gbé aláìsàn kiri ti wá sọ ọkọ̀ mi náà di aláìsàn. Mo ní tó bá jẹ́ bó ṣe ń wa ọkọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn, ìyanu ni pé ẹnikẹ́ni ń dé ibẹ̀ láàyè. Ìyá tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra gbé wálé ni mo jókòó tì tí mo ń sọ ọ́, Jẹ́jẹ́. Ó yí ojú tó ń ríran sí mi. Ọkọ ọmọ mi dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwọ àti èmi mọ̀ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé, bí àgbà bá ń bínú, "ẹ má bínú" ló máa sọ, ì báà jẹ̀bi, ì báà jàre. Mélòó nínú èyí tí àwa náà sọ fún ọ̀gá wa ló jẹ́ pé a ṣẹ̀ ẹ́ lóòótọ́? Ṣùgbọ́n mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ológbò ṣe ń gbá eku mú. Mo ní ó ti jẹ́wọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọ nìyẹn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nìyẹn, tí mo ń fi ọwọ́ júwe bó ṣe ń fa gíà, èmi tí mi ò sí níbẹ̀.

Àwọn tó ta ọkọ̀ náà gbé e lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì tú gíà rẹ̀, ó ní inú rẹ̀ ti jóná, pé ẹnì kan ti fìyà jẹ ẹ́ gan-an. Mo ní mo mọ ẹni náà, mo sì dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n dá a padà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Mò ń fi wẹ̀, mò ń fi sùn.

Ọmọ mi ò wá sílé wa mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní òun ò tún ní wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tí wọ́n á fi bú ọmọ òun. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wá ń wọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ojú. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ nínú èrò, ọmọ mi di ìyá lọ́wọ́ mú, ìyá fi ọwọ́ kejì bo ojú nítorí eruku. Àyè wà nínú ọkọ̀ mi. Mo kọjá, mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Mi ò tíì sọ eléyìí fún ìyàwó mi pàápàá.

Gíà tí wọ́n tún ṣe náà kò pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ariwo kan náà, ìfò kan náà. Mo délé pẹ̀lú ìbínú, mo bi ìyàwó mi pé ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọrùn rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà látọjọ́ yìí. Àbí ọrùn rẹ ló ń wà á?" Ó dà bíi pé ẹnì kan bu omi tútù lù mí. Ṣùgbọ́n o mọ orí kunkun mi. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn mẹkáníìkì ò tún un ṣe dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti ìgboro. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé iṣẹ́ omi. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ní kí ni mo máa ń ti nǹkan yẹn síwájú fún, tí mo tún máa ń fà á padà. Mo ní nǹkan wo? Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi wà lórí gíà, gíà ti wà ní fírì, níbi tí kò ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, mi ò sì mọ ìgbà tí mo fi síbẹ̀.

Jẹ́jẹ́, ṣé o rántí ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní tírélà? Bí tírélà bá ti kọrí sí ìsàlẹ̀, á pariwo pé, "Fi sí fírì! Ẹrù ń tì ọ́, kí lo tún fẹ́ fi epo ṣe?" A gbọ́ ọ títí ó fi di pé ọwọ́ wa kì í bi wá léèrè mọ́. Tírélà gbà á, torí bí a bá dé ìsàlẹ̀, a ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì ká tó wọ gíà padà. Ọ́tò ò ní kílọ́ọ̀ṣì tí èèyàn lè tẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń já a sí fírì nínú eré, tí mo tún ń gbá a wọlé nínú eré, ìyẹn ló ń jó inú rẹ̀. Ọmọ yẹn wà á ní ọjọ́ kan péré. Èmi ni mò ń gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyàwó mi rò pé àyà ló ń dùn mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn yọ okùn kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lọ́rùn mi ní alẹ́ yẹn, ó fi kọ́ sára ìṣó níbi tí gbogbo ilé ti lè mú un.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ ọmọ mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àsìkò tí ọmọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti bú ọmọ òun, gbangba náà ni kí n ti tún un ṣe. Ó ní gbogbo ibi tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi padà débẹ̀, kí n má rán ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ṣe é tán, òun á wọ ọkọ̀ mi lọ sí àyẹ̀wò tó kàn.

Mo ti ń ṣe é. Mo ti kan ilẹ̀kùn àwọn alájọgbélé wọn. Mo ti lọ sí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá wọn ní òun ti fura, àgbà ni òun ń bọ̀wọ̀ fún. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi orí ẹnì kan sílẹ̀ láàbọ̀. "Bàbá Fírì" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀ báyìí, mo sì ń dáhùn.

Ìwọ nìkan ló kù. Mo fi ọ́ sẹ́yìn torí pé ìwọ ni ojú rẹ ń tì mí jù. Àwọn yòókù ò bá mi jẹ eruku ọ̀nà. Jọ̀wọ́, ka lẹ́tà yìí sí ọmọ rẹ létí, má sì bá mi bomi là á. Sọ fún un pé ọwọ́ ọmọ náà rọ̀ lórí ọkọ̀, pé ẹni tí wọ́n bú níwájú ìyá rẹ̀ tí kò bú ẹnikẹ́ni padà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn. Bí wọn ò bá tíì rí ẹlòmíì, kí wọ́n pè é. Tí àwọn ọmọ rẹ bá sì ra ọ́tò fún ìwọ náà, jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, kí gbogbo àwọn tá a jọ wakọ̀ tó ṣì wà lókè eèpẹ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí ká tún fojú kanra.

                                        Èmi ni tìrẹ tojútìtojútì,
                                        Tẹná.

Àfikún: Kí n tó lẹ àpò ìwé yìí, mo gbé e lọ sílé wọn, torí ìyá ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí mo kọ. Ojú rẹ̀ ò tíì gba kíkà, ọmọ mi ló kà á sí i létí láti òkè délẹ̀. Nígbà tó kà á dé ibi ibùdókọ̀, ó tún ìlà náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo rí wọn lọ́jọ́ yẹn. Ó ń kà á lọ, kò wò mí. Nígbà tó parí, ìyá ní ó dáa. Ó wá ní, "Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín nìkan ló kù. Ọmọ mi ńkọ́? Ìgbà wo lẹ sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé kó má bínú?" Mo ti bẹ gbogbo ayé, Jẹ́jẹ́, mi ò tíì bẹ ọmọ náà. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ mi ti gbé àga fún mi sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí.