Màmá Leah Ọmọpẹ́ Dúrójaiyé (1950–2025) àti Wáyà Oko Oòrùn

Ìlú Ara, nítòsí Èjìgbò, ni wọ́n bí Màmá wa sí lọ́dún 1950, sínú ìdílé Bàbá Joel Oyèṣọlá, àgbẹ̀ oníṣu, àti Ìyá Wàlíyátù, ọmọ bíbí ìlú Ola. Bàbá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ń kírun, ẹnìkan kò sì dí ẹnìkejì lọ́wọ́. Màmá kàwé dé kíláàsì kẹrin nílé-ìwé ìjọ kí wọ́n tó mú wọn kúrò láti máa bá ìyá wọn ta èlùbọ́. Ó dùn wọ́n títí ọjọ́ ayé wọn, wọn kò sì fi bò.

Lọ́dún 1969, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Bàbá Olúwarótìmí Dúrójaiyé ti Ola. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọrí sí Abidjan bí ọ̀pọ̀ ará ibí ti ń ṣe. Treichville, àdúgbò kan níbẹ̀, ni Màmá ti ta aṣọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Oníbàárà tó bá fi ọjà wọn ṣe yẹ̀yẹ́, Faransé ni wọ́n fi ń bú u. Ogun ló lé wọn wálé lọ́dún 2002. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oko kajú àti ẹ̀gẹ́ ní abà ìdílé lẹ́yìn Ola, ìjọ sì fi Màmá jẹ Ìyá Ìjọ.

Bàbá wa papò dà lọ́dún 2011. Àárín kajú wọn ni wọ́n ní kí a sin àwọn sí. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti nawọ́ sí ilẹ̀ tó wà lápá òsì ibẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Hadassah, ibí ni tìrẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ síbòmíràn o." Màmá ní àwọn gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí àdúrà tí wọ́n ń gbà fún ara wọn ju èyí lọ, pé kí wọ́n sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ àwọn.

Lọ́dún 2018, Hadassah, àkọ́bí wọn, tó ń ránṣọ ní Èjìgbò, gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò, kó lè parí aṣọ ọdún àwọn oníbàárà. Èéfín pa á. Ó pa Ooreọ̀fẹ́, ọmọ rẹ̀, mọ́ ọn. Èèmọ̀ rèé! Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé wọn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi wọ̀ wọ́n létí nígbà tí iléeṣẹ́ kan dé lọ́dún 2021, tó ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí wọn yóò to gíláàsì tó ń sọ oòrùn di iná mànàmáná sí. Wọ́n ní iná náà yóò tó ọ̀pọ̀ ìlú, kò ní mu epo, kò sì ní rú èéfín. Ògbufọ̀ wọn pè é ní "oko oòrùn". Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gba ilẹ̀ dáko kò gba ju oko lọ. Ọ̀pẹ orí ilẹ̀ náà, ti onílẹ̀ ni. Ibojì inú rẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Kò sì sẹ́ni tó ń dí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ onílẹ̀.

Ilẹ̀ abà wa ni wọ́n fẹ́, mọ̀lẹ́bí sì ń kọminú. Màmá ló dìde láàárín wọn: "Ṣebí oko ni wọ́n ní àwọn fẹ́ dá? Ta ló ń dáko tó ń lé onílẹ̀ jáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn, kí èéfín má pa ọmọ ẹlòmíràn." Bàbá Adéwọ̀yìn, àbúrò Bàbá wa, tẹ̀ka sí ìwé, àwọn yòókù náà tẹ̀ka. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni àdéhùn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ọ̀rọ̀ ibojì.

Lọ́dún 2023, wọ́n gé kajú, wọ́n fi wáyà yí gbogbo ilẹ̀ ká, wọ́n ti géètì. Wọn kò hú Bàbá o. Wọ́n ya ibojì wọn sílẹ̀ láàárín gíláàsì, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí i ká dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ wọlé. Bàbá Adéwọ̀yìn kò fi sínú: "Ìyàwó wa, ìwọ lo bá wa ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé." Màmá sunkún títí, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ru.

Iná náà dé lóòótọ́, kí a má parọ́. Ilé ìwòsàn Ola kò fi fìtílà gbẹ̀bí mọ́, àwọn aránṣọ sì ń ránṣọ láì tan jẹnẹrétọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bú iléeṣẹ́ náà lójú Màmá, wọ́n á ní, "Iná ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀nà ni wọ́n dí." Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀bá wáyà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á dúró, wọ́n á ní, "Bàbá Hadassah, ẹ kú ilé o." Lùkmọ́nù, mégáàdì ibẹ̀, á gbé àga wá fún wọn. Agbára rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lẹ́yìn Ọdún Tuntun 2025. Ilé ìwòsàn Ola ni wọ́n dákẹ́ sí lóṣù kẹta, lábẹ́ fáànù tí iná náà ń yí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wa sọ gbẹ̀yìn ni, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

A bẹ̀ wọ́n. Mọ̀lẹ́bí lọ bá iléeṣẹ́ náà, àlùfáà ìjọ lọ. Wọ́n bá wa kẹ́dùn, wọ́n ní wáyà iná gba abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá, ẹnikẹ́ni kò lè gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ títí àdéhùn yóò fi parí. Nítorí náà, ìta ọgbà ni a gbẹ́ ibojì Màmá sí, níbi tó súnmọ́ Bàbá jù lọ. Bàbá Adéwọ̀yìn ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ kanlẹ̀. Wọ́n sunkún bí ọmọdé.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni Wisdom, tó wà ní Abidjan, Kàdíjà, tí Ìyá Wàlíyátù sọ lórúkọ, tó wà ní Èjìgbò, àwọn ọmọ-ọmọ, àti Bàbá Adéwọ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa lọ sí ibojì, iléeṣẹ́ ti kìlọ̀ pé iná wà lára wáyà. Bí ẹkún bá mú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di wáyà náà mú.

Màmá wa, ẹ sùn re o. Bí ẹ bá pe Bàbá, wọ́n á gbọ́.