Lẹ́tà Ìkẹyìn Lọ́yà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án
Kọ̀ǹpútà ilé ti gba ètò ímeèlì tuntun. Wọ́n ní ti àtijọ́ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, n ò sì rọ́nà kọ̀ ọ́. Ó wá ń bi mí bóyá kí òun kó àwọn kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wá sínú tuntun, kí n tẹ páswọ́ọ̀dù. Fáìlì kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ti lẹ́tà wa kí ẹlòmíì má bàa kà á? Ta ní bi í? Mo tẹ Rárá. Ó ní ṣé kí òun palẹ̀ àwọn fáìlì àlòkù mọ́. Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ni mo ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ àti nítorí ẹnu rẹ̀. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Kò sí lẹ́tà tí kì í tì pa kó tó fi ránṣẹ́ — títí kan "kú ọjọ́ ìbí". Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ní kọ́kọ́rọ́, kí n má fún un, ì báà jẹ́ òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Lẹ́tà Lọ́yà ò ṣí mọ́. Ẹyọ kan ò ṣí. Gbogbo rẹ̀ di wúruwùru gbọọrọ tí kò nítumọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ńkọ́? Òun náà.

Ọjọ́bọ̀, 5
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á rọ̀ mí lọ́rùn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Lọ́yà ti fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́ mẹ́ta kó tó kú. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí, pé gbogbo ohun tí òun fẹ́ bá a sọ ti wà lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀.

N ò ṣí i. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí n ò bá tíì kà á, Lọ́yà ṣì ní ọ̀rọ̀ láti bá mi sọ. Mo ní kí ọmọ náà jẹ́ ká jọ kà á lọ́jọ́ tó bá pé ọdún kan. Ó gbà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Oníkọ̀ǹpútà iléèwé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé wá sílé. Kò-sí-Wàhálà là ń pè é, torí bí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ ń jóná, ohun tó máa sọ nìyẹn. Wákàtí méjì ló fi jókòó tì í, tíì rẹ̀ tutù. Ó ní ètò tuntun ò ṣe é dá padà sí ti àtijọ́. Àwọn àlòkù tí mo ní kó palẹ̀ mọ́ — inú wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Mo ní páswọ́ọ̀dù ṣì wà lórí mi bí orúkọ mi. Ó ní páswọ́ọ̀dù kàn ń ṣí kọ́kọ́rọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí lẹ́tà. Ó ní àfi tí mo bá ní ẹ̀dà níbì kan. Nígbà tó ń lọ, kò sọ pé kò sí wàhálà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo pe ọ́fíìsì Lọ́yà, bóyá ẹ̀dà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an ni wọ́n ti nu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò, ẹlòmíì ló ń lò ó. Òfin ni. Mo ní òfin ta ni. Akọ̀wé wọn ní Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 11
Mo rántí fíláàṣì pupa kan. Lọ́yà fún mi ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn: ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ mi nìyí, kí n má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mo tú dúrọ́ọ̀, mo tú àpótí. Ọkọ mi ní kí n farabalẹ̀, ẹni tó ń wá nǹkan á rí i. Ó rọrùn fún un láti sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Mo rí i, nínú agolo bọ́tìnnì. Mo fi sí kọ̀ǹpútà. Fáìlì méjì péré. Fọ́tò Lọ́yà nínú aṣọ kóòtù. Ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀.

Mo wá rántí. Ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé tí mo ti lọ tẹ ìwé ètò ìsìnkú, lọ́dún tó kọjá. Atẹ̀wé ní fíláàṣì mi ní kòkòrò kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ òun ò lè gbà á, àfi kí òun kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú mi ti wú nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìsìnkú nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo ní kó nù ún. Mo ní kó ṣe kíá. Àfọwọ́fà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́rú, 18
Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà kan bíi pé Lọ́yà ló kọ ọ́. Mo mọ ìbáwí rẹ̀, mo mọ àwàdà rẹ̀. "Ọmọ mi, má fẹ́ ọkùnrin tí kò lè fọ abọ́ tó fi jẹun." Ó jọ ọ́ gan-an. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́, fún ọmọ tí kò níyàá mọ́. Ojú tì mí, mo pa á rẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Ọmọ Lọ́yà dé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó wọ bàtà ìyá rẹ̀. Ó mú áńkáṣíìfù méjì dání — ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tirẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un kó tó jókòó. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ọdún kan gbáko ni kọ́kọ́rọ́ fi wà lọ́wọ́ yín."

Ó ní kí n tẹ lẹ́tà náà jáde fún òun bó ṣe wà, wúruwùru náà. Mo sọ fún un pé kò lè ju ojú ewé kan lọ, torí lásìkò yẹn Lọ́yà ò lè di ṣíbí mú, nọ́ọ̀sì ló ń fún un lómi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan, ó tẹ èkejì, kò dúró. Bébà tán nínú rẹ̀, mo tún fi kún un.

Ojú ewé mọ́kànlá. Ọmọ náà tò wọ́n, ó kó wọn sínú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Kò sọ pé ó dàbọ̀.