Orin Tí Ẹ Rò Pé Ti Ṣọ́ọ̀ṣì Ni

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Ìjọ àti gbogbo ẹ̀yin ìyá aláṣọ funfun ní Ìlọ́fà. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ló máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí wọ́n má fo ibì kankan o. Ìta gbangba ni mo fẹ́ kí wọ́n ti kà á, torí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tèmi tìyín. Gbogbo ìjọ ló ti jó sí i.

Ẹ rántí Sọ́ńdè tí ẹ pè mí lórí fóònù. Mo ń dín dòdò lọ́wọ́, orin kan sì ń lọ. Dùùrù ń ké, àwọn obìnrin ń gbè, ọkùnrin kan ń pe Olúwa bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo fẹ́ pa á, ẹ ní kí n jẹ́ kó máa lọ. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí ẹ ń fa imú. Ẹ ní ẹ ò mọ̀ pé mo ti rí irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ níbí, pé ọkàn yín ti balẹ̀. Mo ní ẹ ṣé mà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹ ru iṣu lọ síwájú pẹpẹ, ẹ jó, ẹ ní Ọlọ́run ti bá yín mú èmi Bùnmi dúró nínú ilé rẹ̀. Ìyá Ìjọ wá ní kí n fi orin náà ránṣẹ́, kí ẹgbẹ́ akọrin kọ́ ọ fún ìkórè. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ń purọ́ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Màmá, kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ìfẹ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, sóòlù ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó ọkùnrin náà ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá sórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyá Ìjọ wọ sùtánà kọ ọ́.

Bàbá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ló kọ́ mi ní irú orin yìí. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti gbé àwo orin sí i, kì í ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Ó ní inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ àwọn olórin yẹn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké. Ẹ ò rí i pé etí yín ò kúkú ṣìnà tán.

Híípù-họ́ọ̀pù, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, ni mo máa ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kan níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn olórin rẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ẹnu rẹ̀ dọ̀tí, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi àdúgbò rẹ̀ yangàn bí àwọn ará Ọ̀pin ìtòsí wa tó wálé ọdún. Níbi tó ti ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, mo máa ń kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Ohun tó dà mí lórí rú nìyí. Ó lé lọ́dún kan tí mi ò ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ sí ọ̀kan nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà, àdúrà ò jáde. Àmọ́ tí ọkùnrin inú orin sóòlù yẹn bá ń bẹ ìyàwó rẹ̀, mo máa ń wólẹ̀ ní kíṣínì, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kí n tún fojú kàn yín. Ṣé àdúrà nìyẹn? Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni? Màá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, màá pa orin náà. Kò ní pẹ́, màá tún tàn án. Mi ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ijó tí ẹ jó fún mi ti di asán.

Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Orúkọ Olúwa nìkan lẹ gbọ́ nínú èdè òyìnbó tí ọkùnrin yẹn fi ń kọrin, ẹ sì sunkún, ẹ ní orúkọ mi lẹ ń pè sí Ọlọ́run bí ẹ ti ń sunkún. Ṣé Ọlọ́run ò wá gbọ́ yín ni?

Olúwa á dá yín sí fún wa, ilé wa ò ní tú. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,
Bùnmi