Yàrá Wa Nínú Ilé Ọnọ́rébù

Aba Láyíwọlá, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Abdulganiyy ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé iṣẹ́ káfíńtà ń lọ déédéé? Aasiyah ìyàwó wa ńkọ́, ṣé oyún ń jẹ́ kó sùn? Ọlọ́run Ọba á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ṣì ń dùn ún bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀, ewúrẹ́ wa sì bímọ mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì tó kù ti jẹ etí ẹní tí mo fi ń kírun.

Ọ̀rọ̀ tó o bá mi sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O ní ẹni tó ni ilé tí ẹ ń gbé ní Ìdímù fún yín níwèé pé kí ẹ kó jáde kí oṣù yìí tó parí, torí ó fẹ́ tà á. Aasiyah tó máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀! Ẹ̀rù bà mí gan-an. O tún wá ní Ọnọ́rébù tiwa níbí tí a dìbò fún ni onílé náà, pé ìjọba ń fún un lówó ilé kejì kó lè ríbi gbé l'Àbújá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń sùn níbẹ̀, owó yẹn ló fi ra ilé Ìdímù tó sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ yín, èrè tó bá sì jẹ lórí títà rẹ̀, tiẹ̀ náà ni. Mo ní kí o tún un sọ, o tún un sọ, síbẹ̀ kò yé mi.

Mo bi bàbá rẹ pé níbo ni ìjọba ti rí owó tó ń fún Ọnọ́rébù, ó ní nínú owó orí ni. Mo ní owó orí ta ni, ó ní tiwa. Mo bá lọ tú àpótí, mo kó rìsíìtì owó orí rẹ̀ jáde látìgbà tó ti ń gbin tábà, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó kún àpò ìrẹsì kan. Àṣé ilé wa lẹ ń gbé, Àkànní! Ilé tí gbogbo ẹbí dáwó kọ́, ilé ẹbí ni, ọmọ ẹbí kì í sanwó níbẹ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á, wọ́n á pe gbogbo ẹbí jọ. Kò sẹ́ni tó pè wá.

Nígbà tí a mú Alfa Táyéwò wá kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, àwa la kọ́lé fún un, ó sì gbébẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó gbálẹ̀, ó fún baálẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ó sì dá ìkòkò omi padà. Kò fi ẹlòmíì síbẹ̀ kó máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àbí wọ́n ti yí àṣà yẹn padà ni, tí a ò gbọ́?

Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ọnọ́rébù nígboro, kí n lọ bèèrè yàrá tiwa nínú ilé náà. Wọ́n ní kò sí nílé. Mo bi wọ́n pé èwo nínú ilé rẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Súmbọ̀ akọ̀wé rẹ̀, ọmọ dáadáa, fún mi ní fọ́ọ̀mù tí ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn ń kọ, ó ń kà á fún mi. Ibi tí wọ́n ti bèèrè àdírẹ́sì mi, mo ní kó kọ ti Ìdímù. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí yóò jogún mi, mo rò ó títí, mo ní kó kọ orúkọ Ọnọ́rébù, torí mo rí i pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ohun ìní wa ń lọ. Súmbọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, bóyá eyín ló ń dùn ún. Ó ní ohun tí ọ̀gá òun ṣe kò lòdì sófin. Mo ní èmi ò bèèrè òfin, yàrá ni mo bèèrè. Ló bá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn tó ń gba owó ilé kejì náà ló ṣòfin ẹ̀. Orí mi wá dàrú pátápátá.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó ń gba inú fóònù ni, má fi sí tèmi, ó kéré, kò lè gbà á. Fi sí ti Ganiyat aládùúgbò wa, tiẹ̀ fẹ̀. Mo ti di ẹní, ọṣẹ dúdú, ìkòkò àgbo ọmọ àti àpò rìsíìtì. Wá pàdé mi ní Ìyànà Ìpájà. Bí aṣojú onílé bá ṣáájú mi dé, má bá a jà, fún un lága, sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn onílé wà lọ́nà.

Bàbá rẹ ní kí n má wulẹ̀ wá, pé kò sẹ́ni tó máa wo rìsíìtì wa. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi gba ọmọ-ọmọ mi, mi ò sì fẹ́ gbà á lójú títì.

Ọlọ́run kò ní sọ wá di ayálégbé nínú ilé tí a fi òógùn wa kọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù, onílé yín.