Òjé Gígùn Nínú Ìbọn Sàlímọ́nù

Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Ajé

Lùkúmàn ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí pé àbúrò rẹ yóò fi ìbọn tí o fi ránṣẹ́ sí i pa èèyàn. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ wà ní Kàdúná? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀.

Sàlímọ́nù ń tú òjé gígùn tó ń fa àwọ̀n ìpẹja mi rì sómi, ó ń kì í sẹ́nu ìbọn. Mo ka ìwé tó bá ìbọn náà wá fún un: ìlà tí wọ́n fín yí inú ihò rẹ̀ ká láti mú òjé pòòyì kò lọ́ púpọ̀, òjé roboto nìkan ló lè darí. Ó ní, "Bàbá, ìwé kì í pa ẹran." Ní Jímọ̀, òjé gígùn ọ̀hún yà bàrá, ó fọ́ ìkòkò omi lórí Mùlíkátù ìyàwó rẹ̀, tòun toyún! Síbẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ló gbé e.

Ó ti sú mi. Ìwọ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí i, kí o sì tètè fèsì fún èmi náà.

Bàbá rẹ,
Sànúsí