Ilé Róòmù Tí Mo Tún Ṣe

                                                            Ilé Bàbá Wa,
                                                            Yàrá Ẹ̀yìn,
                                                            Nídìí Fèrèsé.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n sinmi? Àwọn ìbejì wa ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú kí wọ́n máa gé ara wọn jẹ? Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí orí tilẹ̀ ń fọ́ yín, "a dúpẹ́" lẹ máa sọ, nítorí náà mo ti bá yín dáhùn. Ní tèmi, ara mi le koko, ẹ̀rín nìkan ló fẹ́ pa mí. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kàn. Ṣé ẹ ti jókòó? Bàbá wa wọ ilé iṣẹ́ wa ní Ọjọ́bọ̀!

Ẹ má pariwo, àwọn aládùúgbò yín á rò pé olè ló dé. Bàbá wa yìí náà ni o! Bàbá tí wọ́n sọ lójú yín, lọ́jọ́ tí mo gbé irin ìrẹ́lé kalẹ̀ tí mo ní mi ò bá wọn ṣe bíríkìlà mọ́, pé ọmọ tó bá fi ilé gidi sílẹ̀ tó lọ ń ya ilé tó ti wó, orí ẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dárúkọ ọ̀dà nídìí oúnjẹ, iyọ̀ ni wọ́n máa béèrè. Ẹ̀yin náà bẹ̀ wọ́n, ẹ bẹ̀ wọ́n tì. Mi ò ní kí wọ́n yìn mí o. Kí wọ́n ṣáà wo ohun tí mò ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n pè é ní iṣẹ́, ìyẹn ti tó mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí mo ṣe ń sọ fún yín lọ.

Ẹ kúkú mọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. Àwọn àwòrán olókìkí tí àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ yà nípa àwọn ilé ńláńlá tó ti wó ní Róòmù, òun là ń fi ọwọ́ yà padà. Òpó tó kán sí méjì, ewéko tó hù lórí ògiri, ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ níbi tí àwọn ọlọ́lá ti jókòó rí. Àwọn èèyàn á rà á, wọ́n á gbé e kọ́ sí pálọ̀. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ni mò ń yà: ìkùukùu lọ, ìkùukùu bọ̀. Oṣù tó kọjá ni Ọ̀gá tó gbé odidi àwòrán kan lé mi lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà ńlá kan tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ààbọ̀ rẹ̀ ti já lulẹ̀. Inú mi dùn débi pé sálúbàtà iṣẹ́ ni mo wọ̀ relé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fa ìlà sójú àwòrán tí à ń wò àti sójú aṣọ tí a fẹ́ yà á sí, á di igun mẹ́rin kéékèèké. Wọ́n á wá fi bébà bo gbogbo rẹ̀, àfi ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́. Wọ́n ní ojú tó ń wò káàkiri kì í rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mò ń kọrin, mò ń súfèé. Bí mo bá kan ibi tí òkúta ti sán, ọwọ́ mi á kàn rọra kọjá lórí rẹ̀. Mo rò pé mò ń tẹ̀ lé e ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá lọ gba awò ojú tuntun ní òpópónà ilé iṣẹ́ wa. Bí wọ́n ṣe jáde ni òjò ńlá dé, kò sì síbòmíràn tó ṣí. Mo kàn gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí n tó gbójú sókè, Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń ro lára wọn tótótó! Mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá fún wọn ní àga àti aṣọ ìnura. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri kan ṣoṣo tí kò ní àwòrán, wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo parí. Ọ̀gá fẹ́ fi mí yangàn, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín!" Ni wọ́n bá ṣí gbogbo bébà lẹ́ẹ̀kan náà.

Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, Róòmù ti bọ̀ sípò! Ẹnu ọ̀nà tó já ti pé pérépéré. Òpó tó wọ́ ti nàró. Gbogbo òkúta ni mo tò bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, tí ojú ìpàdé kan ò gbọdọ̀ gun orí èkejì. Mo tiẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì bo orí ògiri kí òjò má bàa wọ̀ ọ́! Ewúrẹ́ nìkan ló kù tó jọ ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá fọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Ta ló ní kó o tún un ṣe? Láti ayébáyé ló ti wà bẹ́ẹ̀!" Wọ́n na ọ̀bẹ pẹlẹbẹ sí mi pé kí n ha á kúrò kí ọ̀dà tó gbẹ. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ̀ ọ́. Lójú Bàbá, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n wá! Mo gba ọ̀bẹ.

"Ẹ dúró ná." Bàbá ni o. Wọ́n dìde, wọ́n fi awò tuntun sójú, wọ́n sún mọ́ ọn débi pé imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Wọ́n fi ìka tọ ìlà òkúta láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀dà yí wọn lọ́wọ́, wọn ò bìkítà. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín! Irú ẹ̀rín tí a ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Wọ́n ń lu itan, wọ́n ní, "Kò lè fi í sílẹ̀! Ẹ ò rí i? Ó rí ògiri tó lanu, kò lè fi í sílẹ̀ fún aláǹgbá!" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

Ọ̀gá ní ilé tó wó ni oníbàárà fẹ́. Bàbá ní, "Ẹ wó òmíràn fún un. Ẹ má fọwọ́ kan èyí." Ọ̀gá wo Bàbá, wọ́n wo ọ̀bẹ, wọ́n wo ewúrẹ́, ẹ̀rín bá gbé àwọn náà. Oníbàárà ò tíì ti ìrìn àjò dé, nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọ̀gá jókòó tì mí. Bí ọwọ́ mi bá ti fẹ́ tọ́ nǹkan kan sọ́nà, wọ́n á wúkọ́.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá gbé àwòrán náà relé fúnra wọn. Nítorí ọ̀dà tútù, wọ́n nà án jìnnà sí ara bí ẹni gbé ọmọ tó tọ̀ sára. Igi ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ògiri tọ́ ni wọ́n fi wò ó kí wọ́n tó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, ẹ gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi, kí ẹ ṣọ́ eyín wọn. Mo fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí ni télọ̀ ilé kejì wọlé sí pálọ̀, tó ń bi Bàbá pé ta ló ya àwòrán yìí. Mo dá bírò dúró, mò ń tẹ́tí. Bàbá ní, "Ọmọ mi ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Èmi ni àbúrò yín tí ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó,
Àbíkẹ́yìn.